Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì ìṣirò yunifásítì lórí íntánẹ́ẹ̀tì: bí ẹ ṣe máa mọ ibi tó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ojú mi tó là. Mo ti sanwó kọ́ọ̀sì real analysis, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rí gbé calculus kalẹ̀, ní yunifásítì kan tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n ní kéèyàn ti kọ́ kó tó wọlé kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: calculus, ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà. Mo wò ó, mo ní ṣebí mo ti ṣe calculus, máàkì mi níbẹ̀ sì dáa. Ni olùkọ́ bá kọ gbólóhùn kan sójú pátákó: fún gbogbo ε tó bá ti ju òdo lọ, N kan wà, tó jẹ́ pé bí n bá ti lè ju N yẹn lọ, |aₙ − L| kò ní tó ε. Ó ní ìyẹn ló túmọ̀ sí pé àwọn nọ́ńbà aₙ ń lọ sí L, ká wá fi gbólóhùn yìí gbé ẹ̀rí kalẹ̀ pé 1/n ń lọ sí òdo. Ara mi bù máṣọ. Pé òdo ni ìdáhùn, mo mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń kọ ẹ̀rí, torí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe ìṣirò, kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ̀kan rí. Kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó parí, mo ti já, owó mi ò sì padà wá.

Wọn ò purọ́ fún mi. Èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìlà kékeré tí wọ́n ń pè ní prerequisite, ìyẹn kọ́ọ̀sì ìṣáájú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí mo ṣe ń wò ó lókèèrè báyìí nìyí, kí n tó ná kọ́bọ̀.

1. Ẹ ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀

Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ẹ fẹ́ mọ ìṣirò. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ orúkọ kọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ dé nígbẹ̀yìn sí òkè pátápátá. Ẹ kọ ohun tí òun ń béèrè sábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ìyẹn náà ń béèrè sábẹ́ tirẹ̀. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi kan ohun tí ẹ lè ṣe láìwo ìwé, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà yín, bó ti wù kó rẹlẹ̀ tó.

MIT (Massachusetts Institute of Technology, ní Amẹ́ríkà) ló dáa jù láti fi ṣe àpẹẹrẹ, torí wọ́n kéde OpenCourseWare ní 2001, láti 2002 ni wọ́n sì ti ń kó ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àṣetiléwá àti ìdánwò kọ́ọ̀sì wọn síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. 18 ni nọ́ńbà ẹ̀ka ìṣirò níbẹ̀. 18.01 ni calculus tó jẹ́ pé x nìkan ló ń yí padà níbẹ̀. 18.02 ni èyí tí x, y àti z jọ ń yí padà. 18.03 ni differential equations, 18.05 ni probability àti statistics, 18.06 ni linear algebra, 18.100 sì ni real analysis tó lé mi sá yẹn.

Ẹni tó ń lọ sí machine learning, bébà tirẹ̀ máa ní 18.06, 18.05 àti 18.02. Ẹni tó ń lọ sí physics tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà kò ní yọ 18.03 sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ìṣirò fún ìṣirò, 18.100 ni ẹnubodè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀ bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: 18.01 ni gbogbo wọn ń bọ̀ wá bá, abẹ́ 18.01 sì ni algebra, trigonometry àti logarithm ilé ẹ̀kọ́ girama wà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn tí mo rí tí wọ́n ń já ní calculus, algebra ló ń já wọn.

2. Ẹ ka ìlà kọ́ọ̀sì ìṣáájú dáadáa

Ìlà náà kì í gùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló níṣẹ́ níbẹ̀. Prerequisite ni èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ ti parí. Corequisite ni èyí tí ẹ lè máa ṣe lọ pẹ̀lú rẹ̀ ní sáà kan náà. Recommended ni èyí tí kò sẹ́ni tó máa lé yín padà tí ẹ ò bá ní in, ṣùgbọ́n òun gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, torí olùkọ́ kì í kọ ọ́ síbẹ̀ lásán. Ó ti rí àwọn tó fìdí rẹmi nítorí rẹ̀. Tí ẹ bá rí “permission of instructor”, ilẹ̀kùn wà ní títì àmọ́ kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ olùkọ́. Ẹ kọ ímeèlì sí i.

Ohun tí wọn kì í kọ síbẹ̀ ni pé oríṣi méjì ni kọ́ọ̀sì ìṣáájú. Oríṣi kan ń béèrè ohun tí ẹ máa lò lójoojúmọ́ nínú kọ́ọ̀sì náà. Oríṣi kejì kàn ń béèrè pé kí ẹ ti gbó nínú iṣẹ́ náà. 18.06 máa fi hàn yín. Òfin MIT ni pé akẹ́kọ̀ọ́ wọn gbọ́dọ̀ ti ṣe 18.02 kó tó forúkọ sílẹ̀ fún linear algebra. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ojú ìwé 18.06 tí wọ́n gbé síta fún gbogbo èèyàn, wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ fúnra wọn pé èèyàn ò nílò calculus láti kọ́ ọ. Ohun tó nílò ni kó mọ vector àti matrix lójú, kó sì lè fojú inú wo àyè tó ní ìhà mẹ́ta. Ẹni tí algebra rẹ̀ múná lè wọ ibẹ̀ lónìí, kó wo ọ̀pọ̀ jù lọ fídíò Gilbert Strang láìtíì rí integral kan sójú. Bàbá yẹn kọ́ kọ́ọ̀sì náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kọ́ ẹ̀kọ́ ìkẹyìn ní 2023. Ẹ lọ dán irú rẹ̀ wò ní 18.03 ná. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni wọ́n ti ń fi integral ṣe omi mu níbẹ̀; ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá nínú 18.01, ojú ẹsẹ̀ ni yóò ti rì.

Orúkọ náà ń tanni jẹ. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, Calculus II ni ọ̀nà ṣíṣe integral àti series, Calculus III ni èyí tó ní x, y àti z. Ní MIT, Calculus II ni 18.02, ìyẹn ohun tí àwọn tó kù ń pè ní III. Ẹni tó bá ka “Calculus II” níbì kan tó gbà pé òun ti ní in, ó lè jẹ́ ìdajì ló ní. Ti algebra tún burú jù. “College algebra” ní Amẹ́ríkà kò ju algebra girama lọ. Àmọ́ “Algebra I” tó jẹ́ 18.701 ní MIT, group ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ẹ̀rí ni wọ́n ń kọ láti òwúrọ̀ dalẹ́, wọ́n sì ń béèrè real analysis tàbí kọ́ọ̀sì ẹ̀rí míì kí èèyàn tó wọlé, àfi tí olùkọ́ bá gbà á láyè. Orúkọ kan náà, ẹrù wọn ò jọra rárá. Torí náà, ẹ má fi orúkọ wé orúkọ. Ẹ gbé syllabus méjèèjì, ìyẹn àtòkọ ohun tí wọ́n máa kọ́, kalẹ̀, kí ẹ fi àkòrí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wé ara wọn.

3. Ẹ dán ọwọ́ yín wò, kì í ṣe ìrántí yín

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Máàkì tí ẹ gbà lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn kò lè sọ ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe lónìí. Ẹ gbé fóònù jìnnà, ẹ gbé calculator jìnnà, ẹ mú bébà tí kò ní nǹkan kan lára, kí ẹ fún ara yín ní ogójì ìṣẹ́jú.

Tó bá jẹ́ calculus lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́rin yìí tó.

Àkọ́kọ́, ẹ pín (1/x − 1/3) pẹ̀lú (x − 3), kí ẹ sọ ọ́ di kékeré. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró níbí. Ẹ kọ́kọ́ so ìdá méjèèjì tó wà lókè pọ̀: ó di (3 − x)/3x. Ẹ wò ó dáadáa: 3 − x ni x − 3 tí àmì rẹ̀ yí padà. Tí ẹ bá wá pín in pẹ̀lú x − 3, méjèèjì pa ara wọn rẹ́, ó ku −1/(3x). Kí ni mo fi ń da èyí láàmú yín? Torí òun gan-an ni wọ́n máa bi yín lọ́sẹ̀ kejì calculus: kí ló ṣẹlẹ̀ sí nǹkan yìí bí x ṣe ń sún mọ́ 3? Ìdáhùn ni −1/9. Iṣẹ́ calculus tó wà nínú gbogbo rẹ̀ kò ju ìlà ìkẹyìn lọ. Algebra ni ìyókù, olùkọ́ kò sì ní dúró ṣàlàyé rẹ̀. Á kàn fò ó bí ẹni fo gọ́tà.

Èkejì, ṣé √(x² + 9) àti x + 3 dọ́gba? Kí ẹ tó dáhùn, ẹ fi 4 rọ́pò x. Ọ̀kan fún yín ní 5, èkejì fún yín ní 7. Tí ọwọ́ yín bá fẹ́ kọ bẹ́ẹ̀ ni kí ọpọlọ tó dá a dúró, ẹ ṣàmì sí i. Àṣìṣe yìí máa tẹ̀ lé yín dé ọdún kẹta.

Ẹ̀kẹta: ln x + ln(x − 3) = ln 4. Ó máa di x² − 3x − 4 = 0, á fún yín ní 4 àti −1. Ẹni tó bá kọ méjèèjì sílẹ̀ kò tíì gba máàkì, torí −1 kò lè ní logarithm níbí. 4 nìkan ló dúró.

Ẹ̀kẹrin: ẹ wá gbogbo θ láti 0 títí dé ìsàlẹ̀ 2π, tí sin 2θ fi bá sin θ dọ́gba. Ẹni tó bá yára fi sin θ pín ọ̀tún àti òsì, π/3 àti 5π/3 nìkan ló máa rí. Ó ti ju 0 àti π nù láìmọ̀.

Tó bá jẹ́ 18.03 tàbí irú rẹ̀ ni ẹ ń lọ, ẹ wá integral x·eˣ àti ti x/(x² + 1). Ti àkọ́kọ́ ni x·eˣ − eˣ + C, ti èkejì ni ½ ln(x² + 1) + C. Kò yẹ kí èyíkéyìí gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Tó bá jẹ́ linear algebra, ẹ fọwọ́ ṣe èyí: x + y + z = 6, 2x − y + z = 3, x + 2y − z = 2. Ìdáhùn ni 1, 2, 3, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdáhùn ni mò ń wá. Ṣé ẹ yọ nǹkan kúrò létòlétò, àbí ẹ kàn ń gbìyànjú nọ́ńbà kiri? Ẹni tó ń gbìyànjú kiri máa rí ọ̀run nígbà tí mẹ́ta bá di mẹ́wàá.

Fún àwa tó ń lọ sí real analysis, ìdánwò náà kò ní ìṣirò kankan nínú. Ẹ padà sí gbólóhùn ε tó wà lókè yẹn, kí ẹ kọ òdì kejì rẹ̀: kí ló túmọ̀ sí pé aₙ kò lọ sí L? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ pé “fún gbogbo ε, kò sí N.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ ni pé: ε kan wà, tó jẹ́ pé N yòówù kí ẹ mú, n kan máa wà tó ju N náà lọ, tí |aₙ − L| tó ε tàbí tó jù ú lọ. Ẹ rí i bí “gbogbo” ṣe di “kan wà”, tí “kan wà” náà sì di “yòówù”? Ẹni tí èyí bá rújú fún, calculus méjì kò lè gbà á sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń fún ara yín ní máàkì, ẹ má ka ìdáhùn tó tọ̀nà nìkan. Ibi tí ẹ ti ṣiyèméjì, ibi tí ọwọ́ yín ti fẹ́ wá fóònù, ẹ kà á sí èyí tí ẹ kò gbà.

Ọ̀nà méjì míì tún wà tí mo fẹ́ràn ju ìdánwò tí mo hun fúnra mi lọ. Ọ̀kan ni kí ẹ ṣe ìdánwò àṣekágbá kọ́ọ̀sì ìṣáájú, ní iye wákàtí tí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ gan-an. OpenCourseWare ní ti ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì, ìdáhùn wà lára wọn. Tí ẹ ò bá tó 70 nínú 100, lójú tèmi, ẹ kò tíì ní kọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́. Ìkejì ni kí ẹ ṣí iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ kẹta kọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ wọ̀. Kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kìíní o. Ọ̀sẹ̀ kìíní máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Ẹ ò ní lè ṣe é, kò burú, ẹ ò tíì kọ́ ọ. Ohun tí ẹ ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ tuntun ló ń dí yín lọ́wọ́ àbí ọ̀rọ̀ àtijọ́.

Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969, kò béèrè ìwé ẹ̀rí ìwọlé fún ọ̀pọ̀ jù lọ kọ́ọ̀sì wọn, torí náà ìdánwò ara-ẹni ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀: wọ́n ṣe ìbéèrè tí ẹ lè fi mọ̀ bóyá ẹ ti tó wọ MU123, tó wà fún ẹni tí ìṣirò rẹ̀ ti dógùn-ún, àbí MST124, tó wà fún ẹni tí algebra rẹ̀ ṣì ń ta. MST125 ló tẹ̀ lé MST124, kí èèyàn tó dé M208 tó jẹ́ pure mathematics. Kódà tí ẹ ò bá ní lọ sọ́dọ̀ wọn, ẹ ṣe ìbéèrè náà.

Àwọn yunifásítì míì máa ní kí ẹ ṣe ìdánwò tiwọn, bíi ALEKS tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lò ní Amẹ́ríkà, tó ń mú kí ìbéèrè tó kàn bá bí ẹ ṣe dáhùn èyí tó kọjá mu. Ilé lọ̀pọ̀ ti ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ẹ̀gbọ́n wá bá yín ṣe é. Ẹ̀gbọ́n kọ́ ló máa jókòó sí kíláàsì tí wọ́n bá fi yín sí.

4. Ẹ dí ihò, ẹ má tún gbogbo ilé kọ́

Tí ẹ bá ti mọ ibi tó ń jò, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ dí. Mo mọ ẹnìkan tó rí i pé trigonometry òun kò dúró, ló bá padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìdá àti ìpín. Oṣù márùn-ún ló fi ṣe é, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé sine. Khan Academy ní ẹ̀kọ́ láti ìṣirò ọmọ kékeré títí dé calculus tó ní x, y àti z, àti linear algebra, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá orí tó jẹ́ ti ihò yín, kí ẹ ṣe ìdánwò orí náà kí ẹ tó wo fídíò rẹ̀ kankan. Tó bá jẹ́ ìwé lẹ fẹ́ràn, OpenStax ti Yunifásítì Rice ní ìwé Precalculus àti ìwé Calculus oní-ìdìpọ̀ mẹ́ta tí ẹ lè gbà sórí ẹ̀rọ yín láìsan nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ máa ń tó fún ihò méjì.

5. Afárá tí wọn kì í kọ sórí ìlà náà

Láti orí ìṣirò tí à ń wá ìdáhùn sí èyí tí à ń kọ ẹ̀rí, odò kan wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní kọ́ọ̀sì afárá, wọ́n lè pè é ní “introduction to proofs” tàbí “discrete mathematics”. Tí ẹ bá rí i lórí àtòkọ wọn, kódà tí wọn ò bá pọn ọ́n ní dandan, ẹ mú un. Keith Devlin láti Stanford bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan lórí ìkànnì Coursera ní 2012, Introduction to Mathematical Thinking, tí kò béèrè ju ìṣirò girama lọ. MIT náà ní 6.042J (6.1200J ni nọ́ńbà rẹ̀ báyìí), ìṣirò fún àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà: láti ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń kọ ẹ̀rí, kò sì béèrè ju calculus àkọ́kọ́ lọ.

Kí ẹ lè rí bí òdìkejì odò ṣe rí, ẹ̀rí tó lé mi kúrò ní kíláàsì nìyí. Ẹnìkan fún wa ní ε kan, bó ti wù kó kéré tó. A mú N kan tó ju 1/ε lọ. Tí n bá ti ju N lọ, 1/n kéré sí 1/N, 1/N sì kéré sí ε. Ó parí. Ìlà mẹ́rin! Nǹkan tó ṣòro fún mi nígbà náà ni pé mi ò mọ̀ pé èmi ni mo lẹ́tọ̀ọ́ láti mú N, àti pé ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti fún mi ní ε ni mo gbọ́dọ̀ mú un. Kò sí ìwé calculus tó kọ́ mi ní ìyẹn.

6. Ọ̀fẹ́, sátífíkéètì, àbí kírẹ́díìtì?

OpenCourseWare kò ní olùkọ́ tó ń máàkì iṣẹ́ yín, kò sì ní fún yín ní ìwé kankan. Coursera àti edX, tí méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní 2012, lè fún yín ní sátífíkéètì tí ẹ bá sanwó, ṣùgbọ́n sátífíkéètì kì í ṣe kírẹ́díìtì yunifásítì, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ ní kedere. Tó bá jẹ́ ìmọ̀ nìkan lẹ ń wá, ọ̀fẹ́ ti tó. Tó bá jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ míì lẹ fẹ́ fi wọlé, ilé ẹ̀kọ́ tó máa gbà á ni kí ẹ bi, kì í ṣe èyí tó ń tà á. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

“Mo fẹ́ ṣe kọ́ọ̀sì yìí ní yunifásítì yìí ní sáà tó ń bọ̀. Syllabus rẹ̀ àti orúkọ ìwé tí wọ́n ń lò wà nínú fáìlì tí mo fi ránṣẹ́. Alámòójútó máa wà níbi ìdánwò àṣekágbá rẹ̀. Ṣé ẹ máa gbà á gẹ́gẹ́ bíi kọ́ọ̀sì ìṣáájú fún linear algebra yín? Ṣé kírẹ́díìtì rẹ̀ máa wọ àkọsílẹ̀ mi? Máàkì wo ló kéré jù tí ẹ lè gbà?”

Ìbéèrè mẹ́ta ni o. Wọ́n lè gba kírẹ́díìtì náà kí wọ́n má gbà á gẹ́gẹ́ bíi kọ́ọ̀sì ìṣáájú, wọ́n sì lè ṣe òdì kejì rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá kọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ ń bà jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ibì kan kì í gba calculus tó ti lé ní iye ọdún kan. Kí ẹ tọ́jú èsì wọn. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kò ṣeé fi hàn ẹnikẹ́ni.

7. Ẹ ka wákàtí yín

Ní Amẹ́ríkà, kírẹ́díìtì kan jẹ́ wákàtí kan ní kíláàsì àti ó kéré tán wákàtí méjì iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, lọ́sẹ̀ kan, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15. Kọ́ọ̀sì calculus oníkírẹ́díìtì 4 máa gba wákàtí 12 lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀. MIT tiẹ̀ kọ ọ́ sára 18.01: 5-0-7, wákàtí márùn-ún ní kíláàsì, wákàtí méje nílé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ka tiwọn lọ́tọ̀: kírẹ́díìtì kan níbẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ wákàtí 10, nítorí náà MST124 tó jẹ́ 30 máa gba nǹkan bí 300 wákàtí. Ẹ má fi 4 wé 30.

Ẹ ṣọ́ra fún kọ́ọ̀sì tí wọ́n dì pọ̀. Tí wọ́n bá kó ọ̀sẹ̀ 15 sínú ọ̀sẹ̀ 8, wákàtí 12 yẹn á lé ní 22. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù kò lè rí 22 níbì kankan, àfi kó má sùn.

Bí ẹ bá ń wo fídíò, ẹ dá a dúró nígbà tí olùkọ́ bá ti ka ìbéèrè tán, kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Wíwo ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í ṣe mímọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì máa ní kí ẹ ya iṣẹ́ àfọwọ́kọ yín sórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ bíi PDF. Bírò dúdú àti ìmọ́lẹ̀ tó dáa ti tó. LaTeX, ètò tí wọ́n fi ń tẹ ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà, lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ dán kámẹ́rà àti ètò ìṣọ́ ìdánwò wò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìdánwò, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

8. Ọjọ́ mẹ́ta tó yẹ kó wà lórí fóònù yín

Ọjọ́ tí ẹ bá sanwó gan-an ni kí ẹ wá ọjọ́ mẹ́ta yìí jáde nínú kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́ náà: ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n ń dá gbogbo owó padà, ọjọ́ ìkẹyìn tí ẹ lè yọ orúkọ yín láìsí àmì kankan, àti ọjọ́ ìkẹyìn tí ẹ lè jáde kó jẹ́ W (pé ẹ jáde) ni wọ́n máa kọ sínú àkọsílẹ̀ yín dípò F (pé ẹ fìdí rẹmi). Lẹ́yìn náà, láti ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ máa kọ wákàtí tí ẹ lò sílẹ̀ ní ọ̀nà méjì: iye tí ẹ fi kọ́ ohun tuntun, àti iye tí ẹ fi wá ohun tó yẹ kí ẹ ti mọ̀. Tí èkejì bá ti ju àkọ́kọ́ lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì léra, ẹ yọ orúkọ yín, kí ẹ lọ ṣe kọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ lórí bébà yín. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn: mo lọ gba kọ́ọ̀sì afárá, mo padà sí real analysis lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo sì yege. Ẹ ṣètò agogo ìránnilétí yín sí ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, torí agogo ìlú wọn ni wọ́n fi ń ti ìforúkọsílẹ̀, ọ̀gànjọ́ tiwọn sì lè má jẹ́ ọ̀gànjọ́ yín.